Fóònù Ìyá, Ọwọ́ Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí ètò yìí gbé kalẹ̀ lónìí kan olówó, ó kan tálákà, ó kan ọmọdé, ó sì kan àgbà. Ọ̀rọ̀ fóònù alágbèéká ni, pàápàá jù lọ àwọn áàpù tí ènìyàn fi ń ṣe oríṣiríṣi nǹkan lórí rẹ̀. A kò ní sọ̀rọ̀ lórí iye tí wọ́n ń ta fóònù, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní sọ̀rọ̀ lórí dátà tí kì í tó lò. Ojú áàpù ni a fẹ́ yẹ̀ wò, èyí ni ohun tí ènìyàn ń rí, tí ó ń tẹ̀, tí ó sì ń gbọ́ nígbà tí ó bá ṣí áàpù láti lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní ìyá àgbà kan wà tí ó ń ta èlùbọ́ lọ́jà. Ẹni ọdún 68 ni. Kò lọ sí ilé ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ owó kà ju akọ̀wé ẹlòmíràn lọ. Bí ẹ bá ra kóńgò 7 lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ fún un ní 20,000 náírà, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti ka ṣéńjì lé yín lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà, tí owó bébà sì wọ́n bí ojú, ìyá yìí rí i pé bí òun kò bá gba owó lórí fóònù, ọjà òun yóò kùtà. Ni ó bá ní kí ọmọ-ọmọ òun bá òun gbé áàpù báńkì sórí fóònù.

Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ìyá yóò pe ọmọ pé, "Wá bá mi wò ó, ṣé ó ti wọlé?" Bí òun náà bá fẹ́ sanwó fún ẹni tí ó kó ọjà wá fún un, yóò tún pe ọmọ. Ọmọ yóò ní, "Màmá, ẹ pe PIN yín." Ìyá yóò pè é. Inú ọjà ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀ o. Oníbàárà dúró, alárù ń kọjá, aládùúgbò ìsọ̀ ń gbọ́. Ìyá tí ó fi 40 ọdún dá owó sínú kòlò, tí ọkọ rẹ̀ pàápàá kò mọ iye tí ó wà níbẹ̀, òun ni ó ń ka nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sókè fún ará ọjà gbọ́ yìí.

Bí a bá bi àwọn ènìyàn pé kí ni ó fa èyí, ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé ìyá kò kàwé ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ojú áàpù náà fúnra rẹ̀. Lẹ́tà inú rẹ̀ kéré, àwọ̀ eérú ni wọ́n sì fi kọ ọ́ lórí funfun. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Bọ́tìnnì tí a fi ń fi owó ránṣẹ́ àti èyí tí a fi ń fagi lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn lórí. Àwòrán kéékèèké 5 wà ní ìsàlẹ̀, kò sí èyí tí a kọ orúkọ sí lábẹ́. Bí ìyá bá ń rọra wá ibi tí yóò tẹ̀, kí ó tó rí i, áàpù ti tìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ní kí ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyá tí ó mọ owó kà tó bẹ́ẹ̀ kò ṣàìmọ nǹkan. Àwọn tí ó ṣe áàpù ni kò rò ó pé irú rẹ̀ yóò lò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn, ẹ̀yin ará. Áàpù tí ènìyàn kò bá lè dá lò, àṣírí ẹni ni ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tí a bá ń sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ojú áàpù rọrùn, kí aláìríran lè lò ó, kí àgbà lè lò ó, kì í ṣe pé a ń tọrọ àánú fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí olówó lè jẹ́ olùdarí owó rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí ìdìbò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùdìbò ni kò mọ̀wé kọ, tí wọn kò sì mọ̀ ọ́n kà. Ní ìdìbò àpapọ̀ ti ọdún 1959, igi ọ̀pẹ ni àmì ẹgbẹ́ Action Group, àkùkọ sì ni ti ẹgbẹ́ NCNC. Àgbẹ̀ tí kò mọ A yàtọ̀ sí B mọ ọ̀pẹ, ó sì mọ àkùkọ. Nítorí náà, ó lè dá wọlé lọ dìbò, kí ó sì jáde, kí ẹnikẹ́ni má mọ ẹgbẹ́ tí ó dìbò fún. Ẹni tí ó ronú kan àwọn àmì wọ̀nyẹn kò sọ pé kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ lọ kàwé ná. Ohun tí àgbẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi pàdé rẹ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lókè òkun pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Ítálì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, obìnrin ọlọ́lá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Carolina Fantoni. Ojú rẹ̀ kò ríran. Ní àkókò náà, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kọ lẹ́tà, àfi kí ó máa sọ ọ́ fún ẹlòmíràn kí onítọ̀hún bá a kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo lẹ́tà kọ́ ni ènìyàn ń fẹ́ kí ẹni kẹta gbọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Pellegrino Turri, wá ṣe ẹ̀rọ kan fún un tí ó lè fi máa dá tẹ lẹ́tà rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti sọnù, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà tí obìnrin náà fi tẹ̀, láti ọdún 1808 wá, wà títí di òní. Ó wà lára àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó kọ́kọ́ dé ilé ayé. Ohun tí a ṣe nítorí aláìríran kan ni irú rẹ̀ wá kún gbogbo ọ́fíìsì nígbà tí ó yá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí fóònù wàyí, kí a mú àwọn ohun tí ó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni àwọn àwòrán kéékèèké tí wọ́n ń fi sí ojú áàpù. Àrokò ni àwọn àwòrán wọ̀nyí. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá fi ẹyọ owó 6 ránṣẹ́ sí ẹnìkan, ẹni náà mọ̀ pé ẹ̀fà ni, àti pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ ń fà sí òun. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ 8, ẹ̀jọ ni, ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ dọ́gba. Ìdí tí àrokò fi ń jẹ́ iṣẹ́ ni pé ẹni tí ó rán an àti ẹni tí ó gbà á jọ gbọ́ èdè kan náà. Nínú áàpù, wọ́n á fa ìlà mẹ́ta léra, wọ́n ní ibẹ̀ ni kí a tẹ̀ kí a tó rí ohun tí ó kù. Wọ́n á ya díísìkì kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, wọ́n ní ìfipamọ́ ni. Ọmọ ogún ọdún pàápàá kò rí díísìkì yẹn rí, áḿbọ̀sì ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Oògùn rẹ̀ kò ṣòro. Kí wọ́n kọ orúkọ sí abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó mọ àwòrán yóò wo àwòrán, ẹni tí ó mọ̀wé yóò ka ọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì yóò sì dé ibi kan náà.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti ojú. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì inú áàpù, akèǹgbè ni fún ìka àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe fóònù fúnra wọn ti fi òṣùwọ̀n lélẹ̀. Ìlànà Android dámọ̀ràn pé kí ibi tí a ó fi ìka tẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 9 ní ìbú àti ní gíga, kí àlàfo sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Apple náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí èyí. Ní ti ojú, ẹgbẹ́ W3C, tí ó ń ṣe ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì káríayé, ti ń gbé ìlànà jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1999, èyí tí wọ́n tún ṣe kẹ́yìn sì jáde ní 2023. Wọ́n ní kí ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ọ̀rọ̀ àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ fi ìlọ́po 4.5, ó kéré tán, yàtọ̀ síra. Bí lẹ́tà bá tóbi, ìlọ́po 3 tó. Wọ́n tún ní kí ènìyàn lè sọ lẹ́tà di ìlọ́po 2 láìsí pé ohunkóhun sọnù lójú ìwé. Ẹni tí ó jókòó nínú ọ́fíìsì tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí lè máa rò pé àwọ̀ eérú lórí funfun lẹ́wà. Kí ó gbé fóònù náà jáde sínú oòrùn ọ̀sán ní ọjà, kí ó wò ó bóyá òun náà yóò rí i kà.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ àwọ̀. Àwọn áàpù kan máa ń fi pupa sọ pé nǹkan kò ṣeé ṣe, wọ́n á fi àwọ̀ ewé sọ pé ó ti ṣeé ṣe, wọn kò sì ní kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 12 ni ojú rẹ̀ kò lè fi ìyàtọ̀ tí ó dájú sáàárín àwọ̀ méjèèjì yìí. Ní ilẹ̀ tiwa, funfun, pupa àti dúdú ni ìpìlẹ̀ àwọ̀ lẹ́nu àgbà, ewé tí ó gbó dáadáa sì lè jẹ́ dúdú lẹ́nu wọn. Nítorí náà, àwọ̀ nìkan kò gbọdọ̀ jẹ́ oníṣẹ́. Kí ọ̀rọ̀ bá a rìn.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tí ojú wọn kò ríran rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé afọ́jú ń lo fóònù aláfọwọ́tẹ̀ lójú. Ní ọdún 2009, Apple fi ètò kan tí ń jẹ́ VoiceOver sínú iPhone, ọdún yẹn náà sì ni TalkBack dé orí fóònù Android. Bí ènìyàn bá ti fi ìka kan ojú fóònù, ètò yìí yóò pe orúkọ ohun tí ó wà níbẹ̀ sí i létí. Bí ohun tí ó ń wá bá nìyẹn, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹni tí ó ṣe áàpù bá sọ bọ́tìnnì nìkan ni ètò yìí lè pè. Bí kò bá sọ ọ́ lórúkọ, fóònù yóò kàn sọ pé bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tí kò lórúkọ. Ẹ fojú inú wo ilé tí ilẹ̀kùn 10 wà, tí òkùnkùn ṣú níbẹ̀ biribiri, tí ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn náà sì já sí kànga. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí bọ́tìnnì bá jẹ́ èyí tí a fi ń fi owó ránṣẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ ní "Fi owó ránṣẹ́". Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún ẹni tí ó ń kọ áàpù.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ èdè, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Àwọn kan ti ń sapá láti fi Yorùbá sínú áàpù, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò ọ̀rọ̀ kan láìwo ibi tí ó ń lọ, àṣìṣe ni yóò bí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, "save", ni wọ́n ń lò fún kí a gba ẹ̀mí là àti fún kí a fi nǹkan pamọ́. Bí atúmọ̀ èdè bá kọ "Gbà là" sórí bọ́tìnnì, ìyá yóò rò pé wàásù ni. "Fi pamọ́" ni ó yẹ kí ó kọ.

Àmì ohùn tún ńkọ́? Bí a bá kọ "owo" lásán, ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ òwò. Bí a bá sì fa àmì abẹ́ lẹ́tà yọ, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ yóò di ọ̀kan náà. Ẹni tí ó ríran lè méfò. Ẹ̀rọ tí ń kàwé sókè fún aláìríran kò ní ohun tí yóò dì mú. Ìṣòro kan tún wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Nínú ètò Unicode, tí ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n bí àmì ohùn bá gun orí wọn, nọ́ńbà méjì ni a ní láti so pọ̀. Bí ẹni tí ó ṣe áàpù bá yan irú lẹ́tà tí kò mọ ìsopọ̀ yìí, àmì yóò fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó síbi tí lẹ́tà yẹ kí ó wà. Kí wọ́n dán an wò kí wọ́n tó gbé e jáde.

Ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀. Fóònù kò mọ ọjọ́ orí ẹni tí ó dì í mú. Áàpù tí ó bá sọ fún ìyá ẹni ọdún 68 pé "Tẹ nọ́ńbà rẹ" ti fi ẹnu ọmọdé bá àgbà sọ̀rọ̀. "Ẹ tẹ nọ́ńbà yín" ni ọ̀rọ̀ tí kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú, ì báà ṣe ọmọdé tàbí àgbà.

Ẹ̀karùn-ún ni ohun tí áàpù ń sọ nígbà tí nǹkan bá yíwọ́. Ìyá fi 45,000 náírà ránṣẹ́, áàpù dáhùn pé "Kò ṣeé ṣe", ó sì dákẹ́. Ṣé owó ti lọ ni? Ṣé ó ṣì wà nílé? Ṣé kí ó tún un fi ránṣẹ́? Ẹni tí ó bá tún un ṣe lè sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó yẹ kí áàpù sọ ni pé, "Owó kò tíì kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ lè tún gbìyànjú," tàbí "Owó ti kúrò lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀hún. Ẹ má tún un fi ránṣẹ́." Bákan náà, nọ́ńbà àkáǹtì ní ilẹ̀ wa jẹ́ díjíìtì 10. Bí wọ́n bá tò ó ní mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin, ojú yóò lè kà á láìfo ọ̀kan. Kí orúkọ ẹni tí owó ń lọ bá sì hàn gàdàgbà kí a tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn.

Àwọn kan yóò sọ pé ìka tí ènìyàn fi ń ṣí fóònù ti yanjú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà àṣírí. Ó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìlà ìka ẹni tí ó ń roko, tàbí tí ó ń po sìmẹ́ǹtì, máa ń parẹ́, ẹ̀rọ kì í sì í dá a mọ̀ nígbà mìíràn. Àwọn mìíràn yóò ní kí àgbà máa lo nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ láàárín àmì ìràwọ̀ àti háàṣì, tí kò nílò dátà. Òun náà dára, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í dúró de ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Ó yẹ kí ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ wà, kí oníkálùkù gba èyí tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Àwọn tí ó ń ṣe áàpù náà ní àwíjàre. Wọ́n ní àkókò kò tó, owó kò sì tó. Ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, ojú wọn mọ́lẹ̀, ìka wọn yá. Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kò gba owó rẹpẹtẹ. Jakob Nielsen, onímọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ọ̀rọ̀ yìí, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé bí a bá fún ènìyàn 5 péré ní ohun tí a ṣe, tí a sì wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó, a ó rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àṣìṣe rẹ̀. Ènìyàn 5 kò ṣòro kó jọ. Kí ọ̀kan jẹ́ ìyá ọlọ́jà, kí ọ̀kan jẹ́ aláìríran, kí ọ̀kan jẹ́ awakọ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ọ̀kan jẹ́ bàbá tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kí ìkarùn-ún jẹ́ ọmọ ilé ìwé. Kí ẹni tí ó ṣe áàpù jókòó tì wọ́n, kí ó pa ẹnu mọ́, kí ó má tọ́ka, kí ó má ṣàlàyé. Ibi tí wọ́n bá ti dúró, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí.

Òfin pàápàá ti ní ohun tí ó sọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, òfin tí ó kọ ìyàsọ́tọ̀ àwọn tí ó ní ìpèníjà ara fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó fún àwọn ilé tí aráàlú ń wọ̀ ní ọdún 5 kí wọ́n fi tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún 5 náà ti kọjá. Ní ayé òde òní, ojú áàpù ni ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ báńkì. Bí a bá ṣe àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ fún ẹni tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, tí a sì ti ilẹ̀kùn orí fóònù mọ́ afọ́jú, a kò tíì ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Nígbà tí ẹ bá tún lọ sílé, ẹ gbé áàpù tí ẹ ṣe lé ìyá yín lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi 500 náírà ránṣẹ́ sí yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jáde kúrò nínú yàrá, kí ẹ lọ jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Bí àlááàtì bá wọlé sórí fóònù yín, tí ìyá kò pe ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ yín dára. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n pè yín, ẹ dìde, ẹ lọ wo ibi tí ìka wọn dúró sí.